Ẹ Béèrè Ẹrù Àbọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Tírélà

Ìbéèrè kan ti ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí àwọn ará kan nínú ìjọ ti ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọn a wá bá wa lẹ́yìn ìsìn, wọn a ní, "Bàbá Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà sí i, a fẹ́ fi owó gírátúítì ra tírélà." Ẹni tó wá kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ opó. Owó ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mẹ́rin ni owó náà sì gbọ́dọ̀ tọ́ parí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti bá a rí ọkọ̀ kan, tírélà pẹrẹsẹ tí kò ní ẹ̀gbẹ́, tí kò ní òrùlé, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé kọ̀nténà àti sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní kí ó tètè sanwó kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a bá arábìnrin yìí sọ ni a fẹ́ bá gbogbo yín sọ lóṣù yìí. A ó gbàdúrà, a kò ní ṣàì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí a tó gbàdúrà lé ọkọ̀ lórí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹrù. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra ọkọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹrù tí ọkọ̀ náà yóò rù lọ, pàápàá jù lọ èyí tí yóò rù bọ̀, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ń wá, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́, tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ, ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa tí à ń gbé ní Rẹ́mọ, nítorí oríta ni ilé wa wà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Níbi oríta Ṣágámù ni ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin ti yà kúrò lára rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbéra láti Àpápá tó ń lọ sí Kánò, àti èyí tó ń lọ sí Onitsha, ojú wa báyìí ni wọ́n ti ń dágbére fún ara wọn. Ní 1978 kan náà ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ṣágámù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà ní Ògìjo. Ní Ògèrè, nítòsí Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ó rí tírélà tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn awakọ̀ ń dáná, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n sì ń retí ìpè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rí níbẹ̀ kì í ṣe pé ọkọ̀ wọn bàjẹ́. Ẹrù ni wọn kò rí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ́ iṣẹ́ wíwá ẹrù jù lọ ni Sábó. Obì ni ó sọ Sábó di ohun tí ó dà. Gbàǹja, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gonja ní Gánà, ti di igi oko wa láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Kánò ní 1912, Agége ni ọ̀pọ̀ obì ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wá rẹ̀yìn, tírélà gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ wo bí ó ti ń lọ. Àgbẹ̀ yóò kó obì wá láti oko. Àwọn ìyá wa yóò rà á, wọn yóò bó èèpo funfun ara rẹ̀, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì ṣà á, èyí tó tóbi lọ́tọ̀, èyí tó kéré lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti mú lọ́tọ̀. Oníbàárà láti Kánò tàbí Ṣókótó ti wà nínú ilé ẹnì kan ní Sábó, ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní mai gida, èyíinì ni bàbá onílé. Alágbàtà tí wọ́n ń pè ní dìlálì ni ó máa ń so ẹni tó ń tà pọ̀ mọ́ ẹni tó ń rà. Wọn yóò fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò kí obì má baà gbẹ, nítorí bí ooru bá mú un lọ́nà, owó ti bá ooru lọ. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́rù obì kì í fi í fẹ́ kí ọkọ̀ òun dúró nínú oòrùn ọ̀sán.

Ta ni ó wá ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e? Dìlálì yìí kan náà ni, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ẹni tí ẹrù rẹ̀ yóò pé lọ́la, ó mọ iye apẹ̀rẹ̀, ó mọ awakọ̀ tó máa ń sùn lójú ọ̀nà àti èyí tí kì í sùn. Bí ọkọ̀ bá dé Kánò, ẹni tí òun náà mọ̀ ní ọ̀hún ni yóò gba ẹrù, tí yóò sì wá ẹrù àbọ̀ fún ọkọ̀ náà, bóyá àlùbọ́sà, ẹ̀wà, àgbàdo tàbí ata. Abner Cohen, onímọ̀ kan tó wá ṣe ìwádìí ní Sábó ti Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, rí i pé àwọn bàbá onílé wọ̀nyí ni wọ́n ń fún àlejò ní ibùsùn, tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe onídùúró fún un nígbà tó bá fẹ́ ra ọjà àwìn. Owó ńláńlá ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láìsí báńkì láàárín wọn. Ẹni tó bá da onídùúró rẹ̀, gbogbo ojú ọ̀nà yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rò pé èyí jẹ́ ti ayé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wa tó ń wa tírélà lọ́hùn-ún ń fi fóònù wá ẹrù. Wọn yóò ṣí i, wọn yóò rí ẹrù tó wà ní ìlú yìí, ibi tó ń lọ àti owó tó wà lórí rẹ̀. Ilé ìdúró ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Jubitz, ní ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ọdún tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tiwa gan-an. Wọ́n ń fi ẹrù tó wà nílẹ̀ han àwọn awakọ̀ tó dúró jẹun. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó dá Kobo360 sílẹ̀, kí ẹlẹ́rù àti ọlọ́kọ̀ lè fi fóònù rí ara wọn. A yìn wọ́n. Fóònù lè fi ẹrù hàn ọ́. Ó kù sí ẹ láti mọ̀ bóyá ẹlẹ́rù yóò san owó tó kù nígbà tí o bá gbé e dé, àti bóyá ẹrù tó ní òun ti dì tán kò tíì wà lóko. Dìlálì mọ ìyẹn, nítorí náà ni owó alágbàtà rẹ̀ kò fi dùn wá.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa a máa sọ pé kí onígbàgbọ́ má ṣe bá àwọn ará Sábó da nǹkan pọ̀. A kò fara mọ́ ọn, a ó sì sọ ọ́ níhìn-ín láìfi bò. Ṣágámù ti rí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bí. Ní oṣù keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín láàárín Yorùbá àti Hausa lórí ọ̀rọ̀ orò. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, wọ́n ti ń gbẹ̀san rẹ̀ lára Yorùbá ní Kánò. Obì tí kò rí ọkọ̀ gbé e kò lè dúró de ìlàjà. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró kí ó má wá sí Gúúsù, Jẹ́bà sì ni wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni wọ́n tó jáwọ́. Àwọn ìyàwó ilé rántí bí àlùbọ́sà ti wọ́n tó. Ẹni tó ní tírélà ní Òkè Ọya lọ́sẹ̀ náà rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè rù bọ̀.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le báyìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ọmọdé ṣe é. A kò sọ pé iye tí wọ́n ń gbà lọ́jà nìyí. Ká ní owó ẹrù láti Ṣágámù dé Kánò jẹ́ náírà 10. Dísẹ́lì àlọ jẹ 5 nínú rẹ̀. Awakọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, alágbàtà, tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ àti owó ojú ọ̀nà jẹ 2. Ó ku 3, ọlọ́kọ̀ sì ti ń yọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n Kánò ni ọkọ̀ rẹ̀ wà. Bí ó bá bọ̀ lófìfo, dísẹ́lì àbọ̀ yóò jẹ 3 yẹn tán, nítorí ọkọ̀ òfìfo náà ń mu, bí kò tilẹ̀ mu tó ti ẹlẹ́rù. Táyà kò tíì rówó, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì. Bí ó bá wá rí ẹrù àbọ̀ tí wọ́n san 7 lé lórí, tí dísẹ́lì jẹ 5, tí ìnáwó yòókù jẹ 1, ọlọ́kọ̀ yóò mú 4 relé. Ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Àárín òfo àti 4 náírà, ẹrù àbọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé lítà dísẹ́lì kan tí kò tíì tó 300 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ti kọjá 1,000 náírà ní 2024. Nígbà tí dísẹ́lì pọ́ọ́kú, ọkọ̀ lè bọ̀ lófìfo kí ọlọ́kọ̀ má kú. Nǹkan ti yí padà.

Tírélà pẹrẹsẹ tí wọ́n fẹ́ tà fún arábìnrin wa yìí tún ní ìṣòro tirẹ̀. Àlọ rẹ̀ dára. Ó lè gbé ọ̀pá irin, pákó, ẹ̀rọ, páìpù, kọ̀nténà. Ó lè gbé sìmẹ́ǹtì báàgì 600, tí í ṣe tọ́ọ̀nù 30. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń di 900 lé tiwọn, tí í ṣe tọ́ọ̀nù 45, wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé táyà ń bẹ́. Àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá ti ra ọkọ̀ tiwọn lọ́pọ̀ yanturu, kì í ṣe gbogbo ẹrù wọn ni ó ń jáde sọ́wọ́ aládàáni. Ní àbọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ jẹ́ oúnjẹ, oúnjẹ sì ń fẹ́ ọkọ̀ tó ní ẹ̀gbẹ́. Irin àlòkù tí àwọn iléeṣẹ́ Ògìjo ń rà náà ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó gbọ́n máa ń jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ihò yí etí ọkọ̀ ká, wọn a fi òpó irin àti pátákó sínú rẹ̀ nígbà àbọ̀, wọn a sì yọ ọ́ nígbà àlọ. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní ihò yìí. Àbúrò ọkọ náà kò béèrè.

Ti kọ̀nténà yàtọ̀ díẹ̀. Bí o bá gbé e láti Àpápá wá sí Ṣágámù tàbí Ìbàdàn, òfìfo kọ̀nténà náà ni ẹrù àbọ̀ rẹ, owó kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń san fún àlọ àti àbọ̀. O gbọ́dọ̀ dá a padà, bí ó bá pẹ́, owó ìtanràn ń gorí owó ìtanràn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2021, àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n pè ní Ètò, pé kí ọkọ̀ máa gba ìpè lórí fóònù kí ó tó wọ Àpápá, nítorí tírélà ti ń sùn lórí afárá fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ẹni tó bá ń ṣírò èrè kọ̀nténà, kí ó ka ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró mọ́ ọn.

Ẹ̀mí ènìyàn tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀nténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó lé ọkọ̀ kékeré kan lórí, ènìyàn mẹ́ta kú. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2023, níbẹ̀ kan náà, òmíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì akérò, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀nténà ni ó ní ojú ihò tí wọ́n ń fi irin onílọ́ọ̀kù há mọ́ ọkọ̀. Awakọ̀ tó ń yára a máa fi í sílẹ̀, á ní ìwúwo rẹ̀ yóò dì í mú. A ti ta òróró sára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun nínú ọgbà ìjọ wa, a ó sì tún ta á. Láti ìsinsìnyí lọ, kí a tó ta òróró, ẹ fi lọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn wá.

Fún ẹrù mìíràn, òfin Amẹ́ríkà sọ pé agbára gbogbo okùn àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi di ẹrù gbọ́dọ̀ tó ìdajì ìwọ̀n ẹrù náà, ó kéré tán. Tọ́ọ̀nù 30 ọ̀pá irin yóò fẹ́ ẹ̀wọ̀n tí agbára wọn pa pọ̀ tó tọ́ọ̀nù 15. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún sísá aṣọ kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí awakọ̀ dúró yẹ ìdè wò láàárín nǹkan bí kìlómítà 80 àkọ́kọ́, nítorí ẹrù a máa jókòó, okùn a sì dẹ̀. Láti oríta Ṣágámù dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 84. Nítorí náà, kí awakọ̀ yín dúró kí ó tó wọ Ìbàdàn. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ẹ má sì gbàgbé awakọ̀ náà, nítorí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń jókòó pẹ̀lú wa nínú ìjọ. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá fún un lówó oúnjẹ fún ọjọ́ tó ń dúró de ẹrù, kò ní fi ebi pa ara rẹ̀ ní Kánò. Yóò gbé èrò sórí ẹrù. Ènìyàn ogún, ọgbọ̀n, lórí àpò àlùbọ́sà, lóru, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá àjọ wọn sílẹ̀ ní 1988. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣubú, gbogbo wa a máa bú awakọ̀. A kì í béèrè iye tí ọlọ́kọ̀ fi sí i lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òpè nìkan ni òwò yìí lè dà nù. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa níhìn-ín, fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ó sì ra irè oko ní àwọn ọdún 1930. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ nígbà náà. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní òpin ọdún mẹ́wàá náà, òwò yẹn já a sínú gbèsè ńlá, ó sì di 1944 kí ó tó rí ọ̀nà lọ sí London láti kọ́ òfin. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ ni ó dà á.

Ìmọ̀ràn tí a fún arábìnrin wa ni pé kí ó má sanwó fún oṣù mẹ́ta. Kí ó gba ìwé kékeré kan, kí ó máa lọ sí Sábó lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí ó jókòó ti àwọn ìyá olóbì, kí ó kọ iye ọkọ̀ tó gbéra, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, àti ohun tí ó rù bọ̀. Àbúrò ọkọ bínú sí wa. Ó ní Pásítọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, òótọ́ sì ni, a kò wa tírélà rí. Lẹ́yìn oṣù méjì, arábìnrin wa mú ìwé náà wá. Àwọn ọkọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lọ tí wọn kò padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹrẹsẹ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó tún rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an láti wò. Ó rí i pé àwọn obìnrin mẹ́fà, méje, a máa pawọ́ pọ̀ kún ọkọ̀ kan. Ẹnì kan á ní apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, ẹlòmíràn ogún, kálukú á san owó àyè tirẹ̀, dìlálì kan náà á sì bójú tó gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tó pẹ́ ní Kánò kò kàn wọ́n, nítorí ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n ní.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Ìyókù owó ọkọ rẹ̀ wà ní báńkì, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti sáà yìí sì ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ra tírélà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín tẹ́lẹ̀, tí ẹ ń kọ̀wé sí wa nípa ìbánigbófò ọkọ̀ àti ìbánigbófò ẹrù, tí kì í ṣe ohun kan náà rárá, a ti rí ìwé yín gbà, oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dáhùn wọn.